Imú Ló Fẹ́ràn, Etí Ló Tà

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí imú mi ti kú. Ẹ má kàánú mi jù. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni, ọmọ mi obìnrin ní àwọn òróró tí mo ti ń fà símú láti ìgbà èwe ló jẹ ẹ́ tán. Èyí ó wù kó jẹ́, bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ tó jóná síwájú mi, n ó jẹ ẹ́, n ó sì tún dúpẹ́. Inú oorun ọ̀sán nìkan ni mo ti ń gbóòórùn mọ́. Bí mo bá ti kírun tán, tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan: sáńdà, ròósì, mísíkì, káfúrà, àti koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo máa ń bá wọn ṣeré níbẹ̀ títí màá fi jí.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan ní mọ́ṣáláṣí wa ló fa ìwé yìí. Iṣẹ́ ọjà títà ni àwọn méjèèjì fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọjà rẹ̀ dénú ló ń rí i tà. Èkejì ní irọ́ ni, pé ọgbọ́n iṣẹ́ ló ń tà á. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. N kò mọ ẹjọ́ dá, ìtàn ni mo mọ̀, nítorí náà mo ní kí wọ́n jókòó.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1970. Bàbá mi ló mú mi lọ bá Alhaja Sàrátù tó ń ta lọ́fínńdà, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olóòórùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ṣe àdúà, bàbá mi sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ẹ má bi mí léèrè iye tí mo ń gbà. Ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó nígbà náà. Oúnjẹ ni mo ń gbà, àti ibi tí mo ń sùn, àti èébú.

Ṣọ́ọ̀bù Alhaja kéré. Ó wà ní iwájú agboolé kan, pẹpẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìgò sì kún orí wọn dẹ́múdẹ́mú. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gbogbo ìgò náà á tàn: èyí pupa, èyí ní àwọ̀ oyin, èyí ní àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì. Èmi á gbàgbé ara mi síbẹ̀, màá máa wò wọ́n, á dà bíi pé inú omi ni mo wà. Alhaja á ní, "Wàsíù, ṣé ìgò lo fẹ́ fẹ́ níyàwó ni?"

Ká sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn wọn ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe fẹ́ràn ìyàwó wọn lọ. Imú mi mú láti ìbí. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, ó sì máa ń fi èéfín tùràrí sí aṣọ kó tó ká a sínú àpótí. Mo kéré gan-an nígbà náà, síbẹ̀ mo máa ń mọ ọjọ́ tí ó wọ aṣọ tuntun láti ìta. Nígbà tí n kò tíì lo oṣù méjì lọ́dọ̀ Alhaja, wọ́n lè fi aṣọ dì mí lójú kí wọ́n gbé òróró ogún síwájú mi, màá sì dárúkọ wọn tán láìṣì ọ̀kan. Àwọn oníbàárà á pàtẹ́wọ́. Èmi á máa wú bí àkàrà inú epo.

Alhaja kò pàtẹ́wọ́ rí. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ìgò ni mo ń fọ̀. Omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì, omi tútù lẹ́ẹ̀kan, kí n dojú wọn délẹ̀ nínú oòrùn. Bí òórùn àná bá ṣẹ́ kù nínú ìgò kan péré, màá tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Ohun tí a ò jìyà fún kì í tọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n mo rò nígbà náà pé ìyà tèmi ti pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ kó tọ́jọ́ lọ.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó pè mí.

"Imú tìẹ, Ọlọ́run ló fún ẹ, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un. Etí ni mo fẹ́ kọ́ ẹ. Gbé àpótí yẹn wá, kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà."

Mo jókòó. Ẹnì kan wọlé, ó kí wa.

"Wàsíù, kí lẹni yìí wá rà?"

"Alhaja, mi ò rí wọn."

"Mo mọ̀ pé o ò rí wọn. Ta ló ní kó o rí wọn?"

Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí ayé. Mo ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọlé, bóyá ó yá tàbí ó ń lọ́ra. Mo ń gbọ́ ẹni tó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Alhaja á máa ṣàlàyé lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ. "Ẹni tó bá ń kí ẹ, tó ń kí ẹ, tó ń béèrè ìyá àti bàbá ẹ, ó fẹ́ kó o dín in fún òun ni. Ẹni tó bá pariwo wọlé ti mọ ohun tó fẹ́, tètè gbé e fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀, má tíì ṣí ìgò kankan o. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. O ò mọ̀ bóyá káfúrà tí wọ́n máa fi wẹ òkú ló wá rà." Nígbà míì oorun á gbé mi lọ lórí àpótí yẹn, ohùn àwọn èèyàn á sì máa wọnú àlá mi. Láàárín oorun gan-an, mo máa ń mọ ẹni tó máa rà àti ẹni tí kò ní rà.

Òfin rẹ̀ kejì nìyí: "Kọ́sítọ́mà tó bá pa Alámísì méjì jẹ láì yọjú, wọ bàtà ẹ, lọ béèrè ẹ nílé. Má mú ọjà dání. Kí i, kó o padà." Ọjọ́ Alámísì ni ọjà wa máa ń yá jù, nítorí pé gbogbo ọkùnrin Ìsàlẹ̀ Èkó ló fẹ́ ta sánsán lọ sí ìrun Jímọ́ọ̀. Mo fi òfin yìí sọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò fi sọ́kàn tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Pápá. Ọjọ́ Sọ́ńdè a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán, mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òníkan láàárọ̀. N kò lọ wo bọ́ọ̀lù o. Mo máa ń dúró sẹ́yìn ògiri pápá ìṣeré ní ọjọ́ tí wọ́n bá gé koríko, màá dijú, màá máa fà á símú. Ìrì àárọ̀ wà nínú òórùn yẹn, atẹ́gùn ọ̀sà wà níbẹ̀, ìgbà èwe sì wà níbẹ̀. Mo ní ọkàn mi kò ní balẹ̀ àfi bí mo bá rí i kó sínú ìgò. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Sáńdà ni mo fi ṣe ìdí, mo fi ròósì díẹ̀ sí i, mo wá rí i pé òróró ewé tíì ni ohun tó ń sọnù níbẹ̀, ìkán méjì péré. Ọjọ́ tí mo rí i ṣe, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé e lọ bá Alhaja.

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó dáa. Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Gbogbo ayé ni, Alhaja."

"Gbogbo ayé kì í ṣe kọ́sítọ́mà. Dárúkọ ẹnì kan fún mi."

N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Bàbá Ràmọ́tà ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Télọ̀ ni ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, èèyàn jẹ́jẹ́, ó máa ń tiro díẹ̀, èmi sì ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orí àpótí mi. Ó wọlé ní Alámísì tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀pá dígí kékeré tí a fi ń yọ òróró fa ìlà kan sí i lọ́rùn ọwọ́. Ó gbé e símú. 

"Wàsíù," ó ní, "báwo lo ṣe rí pápá Òníkan kó sínú ìgò?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Òun ló sọ òróró náà ní Pápá. Láti ọjọ́ náà, kò sí Alámísì tí kò wá ra ìgò kékeré kan. Ó ní bí òun bá fi ra ara, ẹsẹ̀ òun kì í dun òun mọ́ títí ìrun á fi parí. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí orí mi ṣe wú tó.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Alhaja ní òun máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún mi lẹ́yìn ọdún Iléyá, kí n lè dá dúró. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́. Mo fẹ́ po òróró tuntun mìíràn tí n ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, orí ìgò ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá Ràmọ́tà pa Alámísì kan jẹ. Ó pa èkejì jẹ. Mo ní n ó lọ lọ́la. Ó pa ẹ̀kẹta jẹ. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni mo wí yìí o, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí tíì tó tútù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhaja ti lọ gba ọjà, èmi nìkan ló kù. Obìnrin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ara rẹ̀ kò ní àwọ̀ kan pàtó. Kò lé tìróò, kò wọ yẹtí, làálì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí ni ojú mi rí tí n kò kà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ po Pápá tuntun, òórùn rẹ̀ kún inú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà dijú, ó mí sínú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀hẹ̀n, ẹni tó mọ nǹkan rere rèé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, "ṣé ibí ni Pápá yẹn... ọkọ mi ló máa ń..."

"Ibí náà ni, Ìyá mi! Ẹ wò ó!" N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ti ki ọ̀pá dígí bọ ìgò, mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fa ìlà gígùn sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo sì tún fi èyí tó kù ra etí ìbòrí rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gbé e kiri. Ìfẹ́ ọjà mi ló ń gùn mí.

Ó la ojú rẹ̀. Mo rí ẹ̀rù nínú rẹ̀.

"Yéè! Kí lẹ ṣe yìí? Inú opó ni mo wà o! Ọkọ mi kú, kò tíì pé oṣù kan!"

Ìyàwó Bàbá Ràmọ́tà ni.

Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ ohun tí mo ṣe. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan lọ́fínńdà ní gbogbo àkókò náà. Mo sáré bu omi, mo gbé ọṣẹ wá. A fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀. Òróró tó dára kì í gbọ́ ti ọṣẹ, ìgbà tí ara bá gbóná ló tún ń jí sí i. Ìyá Ràmọ́tà ń sunkún, ó sì ń fi aṣọ nu ọwọ́ títí ó fi pọ́n. Ó lọ sílé bẹ́ẹ̀, ó ń ta sánsán gba àárín ọjà kọjá.

Ohun tí ojú ń tì mí láti kọ ló kàn báyìí. Nígbà tí Alhaja dé, n kò sọ fún un.

Ọjọ́ kẹta, ó ti ìta wọlé, ó sì jókòó láì tú ìbòrí rẹ̀. "Bàbá Ràmọ́tà ti kú, o gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ráfátù, gbóòórùn lọ́fínńdà lára ìyàwó nínú opó. Wọ́n ní ọkùnrin ló fi ra á. Ìyàwó náà ní òun lọ ra káfúrà ní Ìsàlẹ̀ Gángan ni, ẹni tó ń tajà ló ṣèèṣì fi kan òun. Wọn ò gbà á gbọ́. Sọ́ńdè yìí wọ́n fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ fún un kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀ ní Ìkòròdú, kí Ràmọ́tà dúró sọ́dọ̀ wọn." Ó wò mí. "Wàsíù, ṣé ṣọ́ọ̀bù yìí ló wá?"

"Rárá o, Alhaja."

"Gbé àpótí yẹn wá. Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

"Tún un sọ."

 Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ògiri. Alhaja kò pariwo, ì bá dára ká ní ó pariwo.

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," ó ní níkẹyìn. "O máa lọ sọ ọ́ lójú wọn. Tó o bá sọ ọ́, wọ́n lè ní ọmọ iṣẹ́ mi ń di opó lọ́wọ́ mú, ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ò sì ní wá mọ́. Mo mọ̀. O máa lọ sọ ọ́ náà."

"Alhaja, fíríìdọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

"Ọmọ obìnrin yẹn ńkọ́?"

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, a lọ. Agboolé náà kún. Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá olóògbé, ló jókòó lórí àga. Àǹtí Ráfátù dúró, ó di gèlè mọ́ ìbàdí. Ìyá Ràmọ́tà jókòó sórí ẹní, ó dorí kodò, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ràmọ́tà di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ọmọ bí ọdún méje.  Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ ní ọkùnrin kan fi lọ́fínńdà ra á. Òótọ́ ni. Èmi ni ọkùnrin náà."

"Ẹ gbọ́ o!" Àǹtí Ráfátù pariwo. "Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́!"

Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ sókè. "Jẹ́ kó parí ẹ̀."

Mo sọ bó ṣe dúró, bó ṣe dijú, bí mo ṣe gbá a lọ́wọ́ mú láì béèrè. "Ó fẹ́ sọ nǹkan, Bàbá. Ó ní ọkọ òun ló máa ń... mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiẹ̀."

Bàbá Àgbà yíjú sí obìnrin náà. "Kí lo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn?"

Ó gbé orí sókè. "Bàbá, irọ́ ni mo pa pé káfúrà ni mo lọ rà. Ojú ló ń tì mí. Ẹ ti kó gbogbo aṣọ ẹ̀ pín fún ẹbí, ìkankan ò ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi. Mo ti ń gbàgbé òórùn ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọkọ mi ló máa ń ra Pápá níbí, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀."

 Bàbá Àgbà na ọwọ́. "Gbé ìbòrí yẹn wá."

Wọ́n ti fọ ìbòrí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbé etí rẹ̀ símú, ó dijú, mo sì rí i tí irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó nà án sí Àǹtí Ráfátù. Ìyẹn gbà á pẹ̀lú ìbínú, ó gbé e símú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àbúrò mi nìyí," ó ní. "Yéè, àbúrò mi nìyí." Òun kan náà ló ti gbóòórùn yìí ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, tó ní ti àlè ni. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kì í gbóòórùn mìíràn.

"Ohun tí èèyàn ò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, Ọlọ́run ò ní bi í," Bàbá Àgbà wí. "Ẹ tú ẹrù yẹn."

Nígbà tí à ń padà lọ, Alhaja dúró ní ìtòsí ilé. "Fíríìdọ́ọ̀mù ẹ di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò bínú. Etí ẹ ni ò tíì jinná." Mo sunkún lójú títì, bẹ́ẹ̀ sì rèé mo ti di ọkùnrin nígbà náà. Oṣù méjì gbáko ni àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá bí wọ́n bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì sọ mí ní Afiropó, ẹni tó ń fi lọ́fínńdà ra opó. Mo padà sórí àpótí, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

Orí rẹ̀ ni mo wà ní ọ̀sán Alámísì kan tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì lọ. Mo mọ èémí náà kó tó sọ ohunkóhun. Mo dìde, mo yíjú sí i. Opó rẹ̀ ti pé. Ó lé tìróò fẹ́ẹ́rẹ́.

N kò sọ pé "ẹ wò ó."  Mo gbé ìgò Pápá kalẹ̀, mo ṣí i, mo sì na ọ̀pá dígí sí i, ibi tó gbẹ ni mo kọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbà á. Ó ki ọ̀pá náà bọ òróró fúnra rẹ̀, ó fa ìlà kékeré kan sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí mi, ó sì gbé ọwọ́ náà símú. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Kò ra nǹkan kan, ó kàn ní "ẹ ṣeun," ó lọ. Ní Alámísì kejì, ó padà wá, ó sì ra ìgò kékeré kan.

Láti ọjọ́ náà, n kò fi lọ́fínńdà kan oníbàárà kankan lára mọ́. Ọ̀pá ni mo ń fún wọn. Mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, mo ṣí tèmi sí òdìkejì ti Alhaja. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn nǹkan yí padà. Abẹ́rẹ́ oníke la wá fi ń wọn òróró dípò ọ̀pá dígí. Lọ́fínńdà onífífín ti òkè òkun kún ìgboro, àwọn tó ń tà á á dúró lójú títì, wọ́n á máa fín in sí gbogbo ẹni tó ń kọjá lára. Nígbà míì ó máa ń wọ àwọn èèyàn lójú. Mo máa ń rí ara mi nínú wọn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ra díẹ̀ sórí pẹpẹ, torí pé ojú kì í rí ayé tuntun kó ní òun ò rí i. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń wá jókòó sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ tán kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí Alhaja kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì sọ ohun tí wọ́n wá ṣe tí mo ti na ọwọ́ mú káfúrà. Mo ti gbọ́ ọ láti ìró ẹsẹ̀ wọn.

Ọmọ mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, àfi ọjọ́ Alámísì. Òun ló ń po Pápá, èmi kò sì lè sọ fún un mọ́ bóyá ó pé, bóyá ewé tíì ti pọ̀ jù, torí pé omi lásán ni gbogbo ìgò nímú mi. Nítorí náà mo máa ń gbé àpótí àtijọ́ yẹn, màá kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, màá dúró de sálúbàtà Ìyá Ràmọ́tà. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ló fi ń rìn. Ọmọ mi á ṣí ìgò síwájú rẹ̀. Èmi á dijú, màá tẹ́tí. Bí ó bá mí lásán, màá ní kí ọmọ mi tún un po. Ṣùgbọ́n bí ó bá mí sínú, tí èémí náà dúró, tí kò fẹ́ jáde, nígbà náà ni mo máa ń mọ̀ pé Pápá pé.